Bàtà Tó Kù ní Etí Ọ̀sà

Ẹ dojú fóònù yín bolẹ̀. Kúnlé, ìwọ tó o jẹ́ alága wọn, pa kámẹ́rà yẹn. Mo rí i pé ẹ ti gbé àga sílẹ̀ fún mi, ẹ sì ti tan iná funfun sí mi lójú. Ẹ fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, kí n sọ bí ibí yìí ṣe rí láyé ìgbà tiwa, kí ẹ lè fi orin sí i lábẹ́, kí ẹ gbé e jáde fún ayẹyẹ ẹgbẹ́ yín. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rín kankan yà lónìí.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Wasiu ti ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Wasiu, mo sì mọ̀ pé ẹ pọ̀, òun ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ìkìrun, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha ní Dubai, tó bá wa lọ sí etí ọ̀sà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó bọ́ sómi. Nígbà tó yá, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ. Ẹ fi èèyàn sílẹ̀ nínú omi, ẹ lọ jẹ bọ́gà ní Al Majaz! Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi, màá ní irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ojú mi ló ṣe.

Ẹ ní kí n sọ ti àtijọ́. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ọ̀sà yẹn, èyí tó wà láàárín Dubai àti Sharjah, tí èèyàn á dúró létí rẹ̀ níhìn-ín tí á máa wo fèrèsé ilé àwọn ará ọ̀hún, òun ni ilé wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi nígbà náà, wọn ò tíì yí i padà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì inú wa á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Jímọ̀, torí pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá fún èèyàn láyè ló máa ń sin Ọlọ́run níbí. Àwa Mùsùlùmí á kírun tán. Tó bá wá di bí aago mẹ́ta, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọwọ́, gbogbo wa á pàdé lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ dàbínù tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ létí omi.

Iṣẹ́ dídi ẹrù ni mo ń ṣe ní Deira. Oníṣòwò tó bá wá láti Èkó á ra léèsì, á ra ìkòkò, á ra aṣọ ọmọdé, èmi ni màá dì í sí páálí, màá fi téépù wé e títí á fi le, màá kọ Lagos sí i lára níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà ṣìnà. Ọ̀gá mi, ará Íńdíà kan, máa ń yá mi ní píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yìn mọ́tò yẹn la máa ń kó ẹní sí, àti kúlà omi, àti èédú, àti ìkòkò ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú kọjá fífọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá jókòó lásán. Ẹni tí kò dáná á gé àlùbọ́sà, ẹni tí kò gé àlùbọ́sà á ha ìpẹ́ ẹja, àwọn ọkùnrin ló sì ń fọ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọkùnrin. Kí lẹ̀ ń wojú ara yín fún?

Títí dòní, bí mo bá dijú, mò ń gbọ́ ìró ibẹ̀. Àwọn ará Kerala láti Íńdíà á máa gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n á máa pariwo bíi pé ogun dé. Ìpè ìrun á dún láti mọ́sálásí ti ìhà Dubai, kó tó parí ti ìhà Sharjah á gbà á. Ọ̀rá ẹja á máa já bọ́ sórí èédú, ṣà, ṣà. Àwa tí orí wa ti ń hewú á gbẹ́ ihò méjìlá sínú iyanrìn, a ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, a ó máa ta ayò níbẹ̀, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ pàdánù, ńṣe ni yóò fi ẹsẹ̀ wó ihò náà, yóò ní afẹ́fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, sikiọ́ríìtì ọgbà náà sáré wá bá wa pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, ó ń ké pé, "Khalas, khalas! No fire here!" torí a ti dáná sún mọ́ koríko ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wa ti ń wá ibi tí a ó sá gbà. Alhaja Ṣìfáwù dìde, ó gbé ẹja tó tóbi jù sórí abọ́, ó nà án sí i, ó ní, "Habibi, yalla, jẹun ná. Tó o bá jẹun tán, wàá wá lé wa." Ọkùnrin náà wo ẹja, ó wo Alhaja. Ó jókòó. Nígbà tó jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ ló bá wa gbé èédú lọ sí ibi tó yẹ, láti ọjọ́ náà lọ, bí a kò bá tètè dé, yóò máa bi àwọn èèyàn pé Mama dà.

Alhaja Ṣìfáwù yìí ló ni ọjọ́ Jímọ̀ wa. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì ń lọ réré. Léèsì ló ń rà ní Deira fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó. Kò mọ omi wẹ̀, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí omi kan òun ní kókósẹ̀. Síbẹ̀ òun ló ń ṣọ́ omi fún gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà. Yóò bọ́ bàtà rẹ̀ síwájú ẹní Alhaja. Alhaja á wo bàtà, á wo ojú ẹni tó ni ín, á ní, "Ó dáa, máa lọ." Bí onítọ̀hún bá jáde, kò gbọdọ̀ nura, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ, àfi kó kọ́kọ́ wá mú bàtà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bàtà tó bá ṣì wà níwájú ẹní, ẹni tó ni ín ṣì wà nínú omi nìyẹn.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò dúró sétí omi tí yóò máa nàka sí èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta? Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, igbe ni àwọn obìnrin fi bọnu, ìyá ọmọ kan sì fẹ́ẹ̀ fi ṣíbí ọbẹ̀ là á lórí. Alhaja ló pẹ̀tù sí i. Ó ní, "Wọ́n ní ká má ka èèyàn. Ta ló ní ká má ka bàtà?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún la sì fi ṣe é, omi ò gbé ẹnì kankan lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ní àwọn tí orí wọn ò pé. Bọ̀dá Festus, ọmọ Ọ̀wọ̀, awakọ̀ tańkà omi, ni olórí wọn. Eyín òkè rẹ̀, àtọwọ́dá ni. Lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ nínú omi, ó la ẹnu rẹ́rìn-ín, eyín sì yọ, ó rì. Gbogbo ọkùnrin tó mọ omi wẹ̀ ló wọlé lọ wá a. Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́, wọ́n rí ṣíbí, wọ́n rí gíláàsì ojú kan tí awẹ́ rẹ̀ kan ti já. Wọn ò rí eyín. Bọ̀dá Festus ní kò burú, ẹja tó bá gbé e, kó máa fi jẹun lọ.

Òun náà ló fa ọ̀ràn ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. A ti palẹ̀ mọ́, a ti ká ẹní, oòrùn ti ń lọ. Alhaja wolẹ̀, ó rí bàtà kan, bàtà aláwọ̀ dúdú ńlá. Ti Festus ni. A wo omi, a ò rí i. Àwọn géńdé bọ́ṣọ, wọ́n wọ omi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ti mọ́sálásí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ ń gbà á pọ̀ ni. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń bẹ Alhaja pé kó jẹ́ kí òun máa lọ ní tòun. Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, síwájú táyà píkọ́ọ̀pù mi gan-an, ó ní mọ́tò kankan ò ní kúrò níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́, kí wọ́n lé e, iṣẹ́ mìíràn ń bẹ, Festus mìíràn ò sí.

Ó tó wákàtí kan gbáko kí a tó rí Festus. Ó ti lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, ó bá àwọn ará Philippines tí wọ́n ń yan adìẹ, ó sì jókòó tì wọ́n. Ó ń rìn bọ̀ lórí iyanrìn, itan adìẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi èrìgì jẹ ẹ́. Alhaja mú bàtà Festus fúnra rẹ̀, ó fi nà án. Baálé ilé, tó ti lé láàádọ́ta ọdún! Ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń bẹ̀bẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá la rí i pé Alhaja ń sunkún. Mo ní, "Alhaja, ẹ̀yin náà ti le jù, ṣebí ó ti dé." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Tó bá jẹ́ òkú rẹ̀ la gbé jáde, ṣé ìwọ lo máa pe ìyàwó rẹ̀ l'Ọ́wọ̀?"

Iléyá wa, ibẹ̀ la ti ń ṣe é. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló ń dáná fún wa, torí wọ́n ní àwa la lọ́dún, ká jókòó. Tó bá di Kérésìmesì, àwa náà á wọ ẹ̀wù àtijọ́, a ó pọnmi, a ó fọ abọ́, Alhaja á sì jókòó sáàárín àwọn ìyá ìjọ, á máa bá wọn kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òtútù díẹ̀ á wà nígbà náà, èèyàn á fẹ́ sún mọ́ èédú. Ẹni tí kò ní ẹnì kan láyé yìí ju ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ní bedspace, ìyẹn yàrá tí èèyàn ti ń háyà ibùsùn kan péré, lọ́jọ́ yẹn, á ní ẹbí.

Kí ló dé tó fi parẹ́? Ẹ má rò pé ìlú ni mò ń bá jà. Ìlú ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n yí ọjọ́ ìsinmi padà, ti ibì kan ò bá ti ibòmíràn mu mọ́, ìyẹn tú àwọn kan ká. Bọ̀dá Festus lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Orúnkún Alhaja dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sílé, ibẹ̀ ló kú sí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n ti ṣe ibi ìdáná tó mọ́, wọ́n ti ṣe ojú ọ̀nà fún àwọn tó ń sáré. Omi ò kúrò níbi tó wà. Àwọn èèyàn ni mò ń wá.

Ìgbà tí Kúnlé wá pè mí lóṣù tó kọjá, ó ní, "Baba, a fẹ́ revive ẹ. Gbogbo àwọn ọmọ Yorùbá máa wá. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ guest of honour." Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi fọ fìlà mi. Mo yọ ẹní kékeré kan lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Èmi àgbà, mò ń múra bí ọmọdé tó ń retí ọdún.

A débẹ̀. Olúkúlùkù gbé àga tirẹ̀, olúkúlùkù gbé kúlà tirẹ̀, ó dé e, ó jókòó lé e. Ẹ fi ẹ̀rọ orin tó ń mi àyà sáàárín, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré kan máa fò lókè bí eṣinṣin, ó ń ya fọ́tò wa. Wasiu jókòó sórí koríko lápá kan, òun nìkan. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ní Al Baraha ló mú un wá, àmọ́ wọ́n ti pe onítọ̀hún sẹ́nu iṣẹ́, ó ti lọ. Wasiu rí mi, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú iyanrìn. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Nínú gbogbo yín, ta ló bu oúnjẹ fún un? Ẹ má dá mi lóhùn, mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ́ ẹní mi sétí omi. Mo ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ omi bọ́ bàtà rẹ̀ wá síbẹ̀. Kúnlé, ìwọ lo dáhùn. O ní, "Ah, Baba, relax! Ẹ jẹ́ ká enjoy ara wa jàre. Everybody here na adult." Arábìnrin kan ní, "Baba fẹ́ ṣí shop bàtà," ẹ sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún yín pé ojú lalákàn fi í ṣọ́rí, ẹ ti yíjú padà sí fóònù. Ẹnì kan péré ló dìde. Ó bọ́ sìlípáàsì rẹ̀, èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, ó tò ó síwájú ẹní mi dáadáa, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, Baba." Wasiu ni.

Ó gbé òrùka rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń lúwẹ̀ẹ́, tó wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ omi wẹ̀, odò Ìkìrun kò jọ èyí. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé omi ní ọ̀rẹ́. Atẹ́gùn yí padà ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀, ó sì ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà tí ọ̀sà fi ń wọ òkun. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó pariwo. Ẹ̀yin náà gbé ọwọ́ sókè, ẹ ń jùwọ́ sí i.

Mi ò purọ́ mọ́ yín. Ọmọ mi fi fídíò tí ẹ gbé jáde hàn mí. Kúnlé ń jó níwájú, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀, orin ń lọ, lẹ́yìn èjìká rẹ̀ lápá òsì, nǹkan kékeré kan wà lójú omi tó ń na ọwọ́. Wasiu nìyẹn. Ẹ ti fi ẹni tó ń kú lọ ṣe ọ̀ṣọ́ ijó! Àwọn èèyàn sì ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "See enjoyment," "God when." Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òwúrọ̀ yìí. Kúnlé, ẹkún ò lè yọ ọ́. Ọwọ́ ni kó o fi yọ ọ́.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ẹ palẹ̀ mọ́. Ẹnì kan kó ṣẹ́ẹ̀tì àti fóònù Wasiu mọ́ ẹrù, ó jù ú sínú búùtù, kò bi ara rẹ̀ pé ta ló ni ín. Àwọn tó wà nínú mọ́tò kan rò pé Wasiu wà nínú èkejì, àwọn ti èkejì rò pé ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọlọ́run ló rán ọmọ Bangladesh kan tó ń fi ọkọ̀ kékeré kó àwọ̀n rẹ̀, òun ló rí i ní ẹnu ọ̀nà òkun, níbi tó ti di rọ́bà náà mú pẹ̀lú eyín àti ọwọ́. Omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n bi í pé ta ni kí àwọn pè. Ó ní àwọn èèyàn òun. Wọ́n ní kí lorúkọ wọn. Ó ń wo òrùlé. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tó wá a kàn, tó sì wá sọ fún mi.

Ẹ dákẹ́. Ẹ má tíì máa bẹ̀ mí, mi ò tíì parí.

Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń sọ pé "ẹ fi í sílẹ̀." Ẹ wo ojú mi dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ ń kó ẹrù yín, mo dìde, mo sì rí sìlípáàsì búlúù yẹn níwájú ẹní mi. Mo rí i kedere. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú ìlú méjèèjì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn sì ń ta mí lára. Mo wí nínú ara mi pé, "Ṣebí wọ́n ní àgbà ni gbogbo wọn, kí àgbà máa ṣọ́ra rẹ̀." Alhaja jókòó síwájú táyà mọ́tò nítorí Festus. Èmi ká ẹní mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà yẹn, mo fi bàtà sílẹ̀ lórí iyanrìn, mo sì lọ wọ mọ́tò ọmọ mi. Mo bínú délé. Mo jẹun. Mo sùn.

Ẹ ò rí ẹni tí mò ń bá jà láti òwúrọ̀? Ìbínú ò da nǹkan kan fúnni, wọ́n ń wí i, mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ sọ fún un ní àná. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Páìpù wà nímú rẹ̀, ẹ̀rọ kan ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Wasiu, nígbà tí mò ń lọ, mo rí bàtà rẹ."

Ohùn rẹ̀ kò tíì padà sípò. Ó ní, "Mo mọ̀, Baba. Mò ń wò yín látinú omi. Mo rí yín tí ẹ ń ká ẹní."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pè mí.

Ó ní, "Mo pè, Baba. Mo kọ́kọ́ ń pariwo 'Bros! Bros!' Gbogbo wọn ni bros, gbogbo wọn ń jùwọ́ sí mi. Mo wá ní kí n fi orúkọ pè yín, pé tí Baba bá gbọ́ orúkọ ara wọn, wọ́n á wẹ̀yìn. Mi ò mọ orúkọ yín. Mò ń rò ó nínú omi níbẹ̀ pé àbí wọ́n ti sọ ọ́ ni, tí mo gbàgbé."

Mo ní, "O ò gbàgbé. Mi ò sọ ọ́. Mi ò bi ọ́ ní tìrẹ náà."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Baba. Wọ́n ní ọmọdé kì í bi àgbà lórúkọ." Ó sinmi díẹ̀, ó mí. "Àmọ́, kí lorúkọ yín?"

Mo sọ ọ́ fún un. Orúkọ tí ìyá mi ń pè mí, tí ẹnì kankan kò tíì fi pè mí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Ó dijú, ó pè é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò fi Baba ṣíwájú rẹ̀, kò fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn, ó ń fi kọ́ ẹnu. Nọ́ọ̀sì wẹ̀yìn wò wá. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dìde dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì dá a lóhùn.